Ìmọ́lẹ̀ Inú Àdìrẹ

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Challenge, n'Ìbàdàn níbí, mo kí yín. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń palẹ̀ ọjà mọ́ ní Bódìjà, ajé á wọgbá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń wá oúnjẹ alẹ́ kiri Agbowó, ẹ̀yin ará Ríǹgì Róòdù, ẹ̀yin ará Dùgbẹ̀, mo kí gbogbo yín pátá. Àgbè kì í ráhùn aró. Ẹ̀yin náà ò ní ráhùn ohun tí ẹ ó jẹ, ẹ ò ní ráhùn ohun tí ẹ ó lò.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo gbé wá lónìí. Ọ̀rọ̀ àdìrẹ ni. Ẹ má rò pé iye tí wọ́n ń tà á ni mo fẹ́ sọ, tàbí irú èyí tó lòde. Ìmọ́lẹ̀ ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn nínú àdìrẹ, níbo ló ti wá?

Ẹni tí àdìrẹ bá wà nítòsí rẹ̀, jọ̀ọ́, mú un. Nà án sójú fèrèsé. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí iná sì wà, nà án síwájú gílóòbù. Kí lo rí? Ibi tó dúdú ṣú biribiri. Ibi tó mọ́ ń tàn. Ewé ń tàn, ẹyẹ ń tàn, ìlà wẹ́wẹ́ ń tàn. Ó dáa. Ta ló wá kun ibi tó mọ́ yẹn? Ẹ rò ó wò o. Ta ló kùn ún?

Kò sẹ́ni tó kùn ún.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí nìyẹn. Funfun ni aṣọ nígbà tí wọ́n rà á lọ́jà. Aró ló wá bá a. Ibi tí ọwọ́ ti lọ bo aṣọ kí aró tó dé, ibẹ̀ ló mọ́lẹ̀. Ibi tí ọwọ́ kò bò, aró gbé e lọ. Ibi tí ọwọ́ bá dáàbò bò, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ máa ń wà.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ iṣẹ́ náà díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya ọnà sí, lẹ́nu iṣẹ́.

Obìnrin kan jókòó sídìí tábìlì kékeré. Ó ti ṣẹ́ aṣọ funfun po, ó sì ti tú u, kí ojú ìlà tó hàn lára rẹ̀ lè máa tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ̀kọ láfún wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti fi álọ́ọ̀mù sí i, wọ́n sì ti sẹ́ ẹ kó má baà ní kókó. Ìyẹ́ adìẹ ló mú lọ́wọ́. Ó tì í bọ inú ẹ̀kọ, ó gbé e lé aṣọ, ó fà á, ó dúró. Ó tún tì í bọ̀ ọ́. Ó tún fà á. Kò fi rúlà wọn nǹkan kan. Ojú rẹ̀ ni rúlà, ọwọ́ rẹ̀ ni ìwọ̀n. Ibi tí ọnà bá fẹ́ tín-ín-rín, á mú igi ìgbálẹ̀. Ẹ̀kọ yìí ni ààbò. Gbogbo ibi tí ẹ̀kọ bá dé, ìmọ́lẹ̀ ló ń pa mọ́ síbẹ̀.

Wọ́n á sá a sóòrùn kó gbẹ. Lẹ́yìn náà, ó di ìdí ìkòkò aró.

Ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú ìkòkò yẹn? Ewé èlú ni. Wọ́n á gún ewé náà, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a gbẹ. Wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú omi eérú títí yóò fi kan. Ẹ̀yin ará Dùgbẹ̀, ẹ mọ Ilé Kòkó. Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ. Èèpo kòkó kan náà ni àwọn aláró ń sun, tí wọ́n ń fi eérú rẹ̀ sẹ́ omi tó ń mú kí èlú yọ àwọ̀. Ilẹ̀ wa ló bí ewé, ilẹ̀ wa ló bí eérú. Àwọn ìyá wa á sì ké pe Ìyá Màpó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin, kí aró má bàjẹ́.

Bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i. Lójú ẹni, á bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù. Wọ́n á tún rì í bọ̀ ọ́, wọ́n á tún yọ ọ́, kí afẹ́fẹ́ tún fẹ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ṣe títí yóò fi dúdú bí wọ́n ṣe fẹ́. Bó bá gbẹ tán, wọ́n á họ ẹ̀kọ kúrò. Ìgbà yẹn gan-an ni ọnà tó yọjú. Àwọn kan á tún fi olùlù lu aṣọ náà títí yóò fi máa dán.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wò ó dáadáa á rí i pé ibi tó mọ́ nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ kì í fi bẹ́ẹ̀ funfun báláú. Búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ sí, aró a sì máa gba ẹ̀yìn aṣọ yọ́ wọlé. Ìmọ́lẹ̀ náà ja aró níyàn, ó sì borí.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí rédíò yín, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ inú àdìrẹ là ń sọ. A ní kò sẹ́ni tó kun ibi tó mọ́ lára àdìrẹ. Ọwọ́ ló dáàbò bò ó.

Ìbàdàn ní tirẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ṣé ẹ mọ ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn? Mélòó nínú àwa tí à ń gbé Bódìjà àti Challenge la lè nawọ́ sí i pé òun nìyí? Ó yẹ ká lè ṣe bẹ́ẹ̀. Inú Ìbàdàndùn lẹ ó ti rí àwọn òpó gbọ̀ngàn Màpó, tí ṣíbí wà láàárín wọn. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà lórí òkè Màpó. Àwọn ìyá wa wò ó, ó wù wọ́n, wọ́n sì mú un lọ sínú aṣọ. Ẹ̀kọ ni wọ́n fi kọ́ Màpó tiwọn. Ó dúró sórí aṣọ, ó sì mọ́lẹ̀. Wọn ò kàwé gbẹ̀yẹ, síbẹ̀ wọ́n kọ ìtàn ìlú sílẹ̀.

Yunifásítì wa níbí, tó kọjú sí Agbowó, mọ iyì iṣẹ́ yìí. Ní 1971, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ nípa Áfíríkà tó wà nínú yunifásítì náà tẹ ìwé kan jáde lórí àdìrẹ ilẹ̀ Nàìjíríà. Jane Barbour àti Doig Simmonds ló ṣe àkójọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ orúkọ ọnà àti bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ìwé wà.

Àjèjì náà ti kọ́ ọgbọ́n yìí lọ́dọ̀ wa. Ní 1950, obìnrin ará Austria kan, Susanne Wenger, bá ọkọ rẹ̀ Ulli Beier wá sí Ìbàdàn. Yunifásítì ni ọkọ ti ń ṣiṣẹ́. Ayàwòrán ni ìyàwó. Obìnrin yìí wo ẹ̀kọ lórí aṣọ, ó sì kọ́ ọ. Ó fi ọgbọ́n ẹlẹ́kọ ya ìtàn àwọn òrìṣà sórí aṣọ ńláńlá. Ó lo ayé rẹ̀ tó kù ní Òṣogbo láti tọ́jú igbó Ọ̀ṣun, Àdùnní Olórìṣà sì ni àwọn tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀ ń pè é. Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní 1961, àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ nínú ìgboro Ìbàdàn, lápá Dùgbẹ̀ níbí. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Dúró Ládípọ̀ dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti di ayàwòrán. Ọ̀kan nínú wọn ni Twins Seven-Seven. Ilé Twins Seven-Seven yìí ni ọmọbìnrin kan bá wọ ayé iṣẹ́ ọnà Òṣogbo. Ọmọbìnrin yẹn ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lónìí.

Níkẹ̀ẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Gbogbo ayé ti wá ń pè é ní Màmá Níkẹ̀ẹ́. Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye.

Ògìdì ni wọ́n bí i sí, ní ilẹ̀ Ìjùmú, tó wà ní ìpínlẹ̀ Kogí báyìí, ní 1951. Ọmọ kékeré ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ìyá àgbà kan nínú ẹbí rẹ̀ ló gbà á tọ́, ó sì di ọmọ ọwọ́ rẹ̀ pátápátá. Ẹ wá wo ohun tí ìyá àgbà yìí jẹ́. Olórí àwọn ahunṣọ ìlú ni. Ó ń hun aṣọ, ó ń rẹ aró. Ilé tí òwú àti aró wà ni ọmọ yìí dàgbà sí. Kò rówó kàwé lọ títí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń kàwé. Ohun tí ìyá àgbà ń ṣe, òun náà ń ṣe é.

Ẹ dúró síbẹ̀ ná. Ìyá àgbà yìí lè sọ pé ọmọdé ni, kó lọ ṣeré. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi iṣẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́. Bí ẹni tó fàtẹ́lẹwọ́ bo iná àtùpà kí atẹ́gùn má pa á, bẹ́ẹ̀ ni ó bo iṣẹ́ náà nínú ọmọ yẹn. Ọjọ́ tí aró ayé dé, ibi tí ó bò kò rì.

Aró ayé sì dé. Wọ́n fẹ́ fi í fún ọkọ tí kò fẹ́, ó sá kúrò nílé. Ó bá ẹgbẹ́ eléré ìtàgé lọ. Ìrìn yẹn ló gbé e dé Òṣogbo. Ó fẹ́ Twins Seven-Seven, ó wọ ilé olórogún, ojú rẹ̀ sì rí nǹkan níbẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin, mi ò ní láti ṣàlàyé púpọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe àdìrẹ. Ó ń ṣe bàtíìkì. Ní 1968 ó pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Goethe Institute l'Ékòó. Ní 1974, wọ́n pè é lọ sí Amẹ́ríkà, sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ Haystack ní ìpínlẹ̀ Maine. Ọmọ Ògìdì tí kò kàwé lọ títí dúró láàárín àwọn òyìnbó, wọ́n sì ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ ló gbé e débẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbọ́ mi ní Agbowó, mo bi yín: iṣẹ́ wo ni ìyá ìyá yín mọ̀, tí ẹ̀yin ò tíì bi í léèrè?

Màmá Níkẹ̀ẹ́ kò dá ìmọ́lẹ̀ náà jẹ. Ní 1983, ó dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, kò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń kọ́ wọn ní àdìrẹ, ó ń kọ́ wọn ní aṣọ híhun, ó ń kọ́ wọn ní yíya àwòrán. Ó ṣe irú rẹ̀ ní Ògìdì tí wọ́n bí i sí. Ó ṣe é l'Ábùjá. Ilé ọnà rẹ̀ ní Lẹ́kí l'Ékòó, ilé alájà púpọ̀ ni, ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀ lè jẹ́rìí. Ó gbé ọnà àdìrẹ kúrò lórí aṣọ nìkan, ó fi ọ̀dà yà á sórí káńfáàsì, kí ẹni tí kì í wọ àdìrẹ lè gbé e kọ́ ara ògiri.

Wọ́n tún pè é lọ sí Ítálì. Àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà wà níbẹ̀ tí wọ́n tàn lọ, tí wọ́n ń ta ara wọn lójú títì. Màmá kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n lè rí ọ̀nà mìíràn jẹun. Ní 2006, ìjọba Ítálì fi oyè dá a lọ́lá nítorí iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin ará, ẹ wò ó. Ọgbọ́n tí à ń lò fún aṣọ ló lò fún èèyàn. Ẹ̀dá kan wà tí aró fẹ́ gbé mì. Ó sáré fi ọwọ́ bo ibi tó kù. Ibi tí ọwọ́ bá dáàbò bò, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ máa ń wà.

Èmi gbà pé ọgbọ́n yìí kárí ayé. Ní ilẹ̀ olótùútù, aṣọ kan wà tí wọn kì í hun. Irun àgùntàn ni wọ́n á tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á da omi gbígbóná àti ọṣẹ sí i, wọ́n á máa fọwọ́ ra á, wọ́n á máa yí i, títí irun á fi wọnú ara wọn, tí á sì di odidi aṣọ. Fẹ́ẹ́tì ni wọ́n ń pè é. Àwọn darandaran Mòǹgólíà ń fi í bo àgọ́ wọn. Àwọn oníṣẹ́ ọnà òde òní ń ṣe é ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n sì ń tan iná sẹ́yìn rẹ̀. Ibi tó nípọn á ṣú, ibi tó fẹ́lẹ́ á tàn. Wọn ò kun ìmọ́lẹ̀ náà. Àyè ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Nítòsí wa níbí, àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn mọ bí wọ́n ṣe ń fi ihò wẹ́wẹ́ ṣe ọnà sára aṣọ òfì. Bí ìyàwó tuntun bá wọ irú rẹ̀ sínú oòrùn, ẹ ó rí i bí oòrùn ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá. El Anatsui, ọmọ Ghana tó fi Nsukka ṣe ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún, mú ìdérí ìgò ọtí tí àwọn èèyàn jù nù, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi okùn kọ́pà so wọ́n pọ̀ títí wọ́n fi dà bí aṣọ ńlá. Bí iná bá kàn án, gbogbo rẹ̀ á máa kọ mànà. Ní 2023, irú iṣẹ́ rẹ̀ kún gbọ̀ngàn ńlá ilé ọnà Tate Modern ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí aráyé kà sí pàǹtí, òun tọ́jú rẹ̀, ó sì ń tàn.

Ó wá kù sọ́wọ́ àwa. Kí là ń ṣe sí tiwa?

Iṣẹ́ náà ṣì wà láàyè. Àwọn ọ̀dọ́ wà tí wọ́n ń ṣe àdìrẹ pẹ̀lú ábẹ́là tí wọ́n yọ́ lórí iná. Wọ́n á gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì sí irú ọnà tó wù wọ́n, wọ́n á tì í bọ inú ábẹ́là gbígbóná, wọ́n á fi tẹ aṣọ. Kọ́sítíìkì ni wọ́n ń lò dípò eérú, aró sì ti di oríṣiríṣi àwọ̀. Mi ò bá wọn jà. Ábẹ́là ti gba iṣẹ́ ẹ̀kọ ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni: kí ọwọ́ kọ́kọ́ bo ibi tí kò gbọdọ̀ rì. Ohun tó ń dùn mí ni aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ lókè òkun, tí wọ́n tẹ ọnà wa sí lára, tí wọ́n kó wá sọ́jà wa, tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú pẹ̀lú orúkọ àdìrẹ. Ẹ̀rọ kò bo nǹkan kan. Ẹ̀rọ kò pa nǹkan kan mọ́. Ìyá tó jókòó láti àárọ̀ pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ lọ́wọ́, báwo ló ṣe fẹ́ bá ẹ̀rọ du owó?

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá fẹ́ ra àdìrẹ, ẹ bi ẹni tó ń tà á: ta ló ṣe é? Ẹ̀kọ ni àbí ábẹ́là? Ẹ wo ojú, ẹ wo ẹ̀yìn. Ẹ wá ibi tí ọwọ́ ti wárìrì díẹ̀, ibi tí ìlà kan gùn ju èkejì lọ. Ẹ má ka ìyẹn sí àbùkù. Àmì ọwọ́ èèyàn ni. Bí owó ọwọ́ yín kò bá tó odidi ìró, ẹ ra ìborùn. Bí ẹ bá ń múra àpèjẹ, ẹ sọ fún oníṣẹ́ ọwọ́ pé ẹ fẹ́ fi tirẹ̀ ṣe aṣọ ẹbí. Ẹ̀yin télọ̀ Bódìjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi abẹ́ gé e pẹ̀lẹ́, kí ẹ má gé Màpó sí méjì.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín lọ kọ́ ọ nígbà ìsinmi. Kò dí ìwé lọ́wọ́. Ọmọ tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń bo ìmọ́lẹ̀ lórí aṣọ á mọ sùúrù. Á mọ̀ pé ohun tó dára, àtìbẹ̀rẹ̀ la ti ń tọ́jú rẹ̀. Bí aṣọ bá ti wọ inú aró tán, kò sí ọ̀nà láti padà lọ fi ẹ̀kọ sí i.

Ọ̀rọ̀ tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọnà tí ìyá yín mọ̀, ẹ bi í lónìí. Ọwọ́ tó ń ṣe é, ẹ ràn án lọ́wọ́ lónìí. Aró ń bọ̀, kò ní dúró dè wá. Ohun tí a bá fẹ́ kó mọ́lẹ̀ lọ́la, ìsinsìnyí ló yẹ ká fọwọ́ bò ó.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, bí àgbà kan bá wà nínú ilé yín tó mọ iṣẹ́ aró, ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé a mọ rírì rẹ̀. Iṣẹ́ yín kò ní parun, ẹ̀yin ìyá wa. Aró yín kò ní bàjẹ́ nínú ìkòkò. Ọmọ tí yóò gba ìyẹ́ adìẹ lọ́wọ́ yín, Ọlọ́run á fi í ránṣẹ́ sí yín.